Funfun Kan Nínú Mẹ́rin

"Olè ehoro! Olè ehoro ń kọjá lọ o!"

Orin tí àwọn ọmọ kíláàsì fi ń sin ọmọọmọ mi bọ̀ láti ilé ìwé nìyẹn. Ó wọlé, ó ju báàgì sílẹ̀. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn pọ́n bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde.

"Ìyá àgbà, màá gbẹ̀san lára bàbá yẹn."

"Gbà á dáadáa," ni mo dá a lóhùn. Inú ń bí èmi náà.

Wẹ́dà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ń bá wí. Ehoro funfun nìkan ni bàbá náà ń sìn. Ehoro méjì péré ni ọmọọmọ mi ní, akọ kan, abo kan, àwọn méjèèjì dúdú bí èédú. Nígbà tí abo náà bímọ àkọ́kọ́, funfun kan wà láàárín àwọn dúdú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ ehoro kan sọnù nílé wẹ́dà. Ni bàbá náà bá já wọlé wa, ó gbé funfun tiwa lọ.

"Dúdú àti dúdú kì í bí funfun," ó ní. "Olè ni ọmọ yín, Màmá."

Àdúgbò gbọ́. Ilé ìwé gbọ́.

Ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ló fún ọmọ yìí ní ohun ìjà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí kan sórí ìdérí ilé ehoro, ó pín in sí yàrá mẹ́rin, ó wá ń kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

"Ìyá àgbà, àmì àwọ̀ méjì ló wà lára ehoro kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára méjèèjì ló máa ń fún ọmọ rẹ̀. Tí dúdú bá pàdé funfun, dúdú á bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ funfun ò kú, ó kàn sá pamọ́ ni. Tèmi méjèèjì ló gbé funfun pamọ́. Ẹ wò ó: yàrá yìí, dúdú àti dúdú. Yàrá méjì yìí, dúdú àti funfun. Dúdú náà la máa fojú rí. Yàrá tó kù yìí, funfun pàdé funfun!"

"Ọ̀kan nínú mẹ́rin!"

"Ọ̀kan nínú mẹ́rin, Ìyá àgbà!"

Mo pàtẹ́wọ́. Orin ti bọ́ lẹ́nu mi:

Wẹ́dà, wá wo funfun,
funfun jáde nínú dúdú,
orúnkún rẹ á fẹnu ko ilẹ̀!

Ó gba ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lọ. "Bàbá, abo mi tún ti lóyún fún akọ mi. Tó bá fi lè bí mẹ́rin, ọ̀kan á funfun. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ máa kúnlẹ̀ síta, ẹ máa dá ehoro mi padà, ẹ máa sọ fún gbogbo ayé pé n kì í ṣe olè."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí awò dúdú tó fi ń jó irin fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo gbà! Tí funfun ò bá sí ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa pè mí lólè lọ."

Ehoro bí mẹ́rin lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dúdú. Dúdú. Dúdú. Dúdú.

Ó sáré lọ bá tíṣà rẹ̀. "Mà, mo ṣe ìṣirò yẹn dáadáa!"

"Ìṣirò rẹ dára, ìlérí tó o ṣe ni kò dára," obìnrin náà fèsì. "Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní oríire tirẹ̀. Pé mẹ́ta ti dúdú kò ní kí ẹ̀kẹrin funfun. Tí ìyá ehoro mẹ́wàá bá bí mẹ́rin mẹ́rin báyìí, bíi mẹ́ta nínú wọn lè má rí funfun rárá. Ní sùúrù, jẹ́ kó tún bí. Èmi fúnra mi á wá bá bàbá náà sọ̀rọ̀."

Níbo lẹni tó ń wá ẹ̀san ti máa rí sùúrù? Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bó ṣe ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń gé irin ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọkùnrin náà, ó mú ọmọ ehoro funfun kan, ó tì í sáàárín àwọn dúdú. Èmi ò mọ̀, kò sì tíì sọ fún mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúdú. Ìgbà tó ké sí àdúgbò, mo ti ń jó kí wẹ́dà tó dé.

Wẹ́dà wo inú ilé ehoro. Ó bọ́ fìlà, ó tẹ orúnkún kan ba, mo sì gbé orin mi sókè. Ló bá dúró. Ó na ọwọ́, ó gbé funfun náà, ó tún gbé dúdú kan.

"Ẹ wá wò ó," ó rọra sọ. "Àwọn dúdú ò tíì lajú. Funfun yìí ti ń wò mí."

Mo dá orin dúró. Wẹ́dà kò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn gbọn ekuru kúrò lórúnkún, ó gbé ọmọ ehoro rẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n fi purọ́ mọ́ ọmọ mi di òótọ́.

Abo yẹn tún bímọ. Méje ni, méjì nínú wọn funfun báláú. Ọmọ mi jókòó tì wọ́n títí.

"Ṣé kí n pe àwọn ará àdúgbò?" mo bi í.

"Ta ló máa gbà mí gbọ́, Ìyá àgbà?"

Ó rọra dé wọn. Ìdérí tó ya àpótí sí náà ló fi dé wọn, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀ kedere.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òótọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó sáà dúró dè é ló kù. Ìkánjú ẹ̀san ló mú un lọ jí ẹ̀rí, ẹ̀rí tó jí ló sì sọ òótọ́ rẹ̀ di irọ́ lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má ṣe di ohun tí wọ́n pè yín.