Lẹ́tà Tí Ìkíni Gbà Tán

Onígbàjámọ̀ ń fá orí oníbàárà lọ́wọ́, ó sì ń pe lẹ́tà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àbíkẹ́yìn, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bírò.

"Kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ."

"Bàbá, yunifásítì ní kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ni. Ojú ìwé kan péré ni wọ́n sì fẹ́."

"Ṣé wàá wọlé onílé láìkí wọn? Wọ́n á ní n kò kọ́ ọ nílé! Ó ku àwọn ìyàwó wọn."

"Àtàwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀," ni oníbàárà fi kún un, pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì. "Ẹ má fojú di wọ́n o."

Àbíkẹ́yìn ń kọ, inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni àlá rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀la ni gbígba ìwé máa parí. Bí lẹ́tà yìí bá já sófo, ó di ẹ̀yìn ọdún kan.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá tẹ̀ lé e lọ sílé ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ìkíni kankan kúrò. Olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ìkíni yìí dùn. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ yín wà níbẹ̀?"

Bàbá nawọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. "Orúkọ ẹ̀ rèé."

"Orúkọ nìkan! Ọmọ tó ń kọ̀wé sí wọn pọ̀ bí eṣú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi dá tiyín mọ̀? Ọmọ mi, kí ló dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko lo yàn?"

Àbíkẹ́yìn wolẹ̀. "Adìyẹ Ìyá Aránṣọ, aládùúgbò wa, ló dá lẹ́sẹ̀. Wọ́n fẹ́ pa á, mo bẹ̀ wọ́n. Mo fi òòyà ti ẹsẹ̀ náà, mo fi aṣọ dì í, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ títí tó fi san."

"Òòyà wo?" ni Bàbá bi í.

Àbíkẹ́yìn rọra sún sẹ́yìn olùkọ́.

"Òòyà mi eléyín wẹ́wẹ́! Mo ti fẹ̀sùn ẹ̀ kan gbogbo oníbàárà tán!"

"Ẹ máa bínú tó bá yá, sà," ni olùkọ́ wí. "Ohun tó máa kọ gan-an nìyẹn."

"Wọ́n á ní olè ni."

"Wọ́n á ní dókítà ni."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ṣáà fi 'ẹ kú iṣẹ́' kan síbẹ̀."

Àbíkẹ́yìn kọ òmíràn níbẹ̀, olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ẹ tó kọ̀wé sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ ka ohun tí wọ́n béèrè dáadáa, òun gan-an ni kí ẹ dáhùn. Kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ti ṣe lóòótọ́, kó kéré tó wù kó kéré, kó sì fi han olùkọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Òbí lè jókòó tì í, kó máa gbà á níyànjú, ṣùgbọ́n kó má gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ló fẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí òun gan-an.