Igi Tó Fi Díẹ̀ Gùn

Ọmọbìnrin káfíńtà kan nà gbalaja sórí pákó, ó di ojú kan, ó ń fi ìkejì wò ó bóyá pákó náà tọ́. Lẹ́búlẹ́bú igi kún ìpéǹpéjú rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Tíṣà ìṣirò tó gbé àga ilé ìwé wá fún àtúnṣe gbàgbé pé àga wà lórí òun.

"Tíṣà, ẹ súnra díẹ̀, ẹ ń ṣíji bò mí."

Kí la tún máa gbọ́? Láti ọjọ́ náà, àga ò yé kán ní ilé ìwé yẹn mọ́.

"Àbí ẹ̀yin lẹ ń kán wọn ni?" ni ọmọbìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Méjì péré ni mo kán, olólùfẹ́ mi. Àwọn ọmọ ló kán ìyókù."

Ìfẹ́ dé, ó jókòó. Bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá káfíńtà, ni kò gbà. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo kọ́ níṣẹ́, n ò ní fi í fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan ju ṣọ́ọ̀kì lọ."

Nígbà tí tíṣà wá tọrọ rẹ̀, bàbá nawọ́ sí ilẹ̀kùn fèrèsé kan. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, méjì ní fífẹ̀. Igi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí mo lè fi ṣe ìdábùú rẹ̀. Má fọwọ́ kan téèpù. Báwo ló ṣe máa gùn tó láti igun dé igun? Bí o bá ba igi mi jẹ́, má padà wá mọ́."



Tíṣà kúnlẹ̀. "Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ogún. Nọ́ńbà wo ni màá fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ kó tó di ogún?" Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó ń gòkè, tó sì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ti mẹ́rìndínlógún, mo mọ̀ ọ́n: mẹ́rin ni." Ó gbé rúlà kan ìlà náà níbẹ̀ nìkan. "Bí mo bá ń tọ rúlà lọ, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi láti mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún, á fi ìdá kan nínú mẹ́jọ gòkè, torí mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́jọ. Láti ibí dé ogún, ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ààbọ̀ nìyẹn. Mẹ́rin àti ààbọ̀, sà."

Ó tọ́ka sí ìlà náà. "Ṣùgbọ́n ó máa fi díẹ̀ gùn jù, sà. Ìlà yẹn ń tẹ̀ lọ sábẹ́ rúlà. Kò lè kúrú."

"Gé e," ni bàbá wí fún ọmọ rẹ̀.

Ó gé e. Igi náà fi ìwọ̀n èékánná ọmọńdinrín lé. Bàbá mú ayùn, ó rẹ́ ẹnu igi náà díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, igi náà sì jókòó síbẹ̀ pẹ́kí.

"Èyí tó gùn, a óò gé e. Èyí tó kúrú ni kò láàtúnṣe." Ó kọjú sí tíṣà. "O sì sọ àléébù rẹ fún mi kí n tó rí i."

"Bàbá, ta ló tiẹ̀ ni fèrèsé yìí?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

"Ta lo rò? Ẹ gbé e lọ sílé yín."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Omijé ayọ̀ ti bo ojú ọmọbìnrin náà. Ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí rẹ̀, ó fi há etí ọkọ rẹ̀.