Ìwé Pélébé Lórí Márùn-ún àti Márùn-ún

Ìró òǹtẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí rẹ̀: gbì, gbì, gbì, lórí ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ ilé-ìwé, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí àwa ọgọ́rin olùkọ́ ti ń máàkì ìṣirò. Lójijì, òǹtẹ̀ dákẹ́, nítorí pé obìnrin kan dìde.

Yíǹkì pupa ti ta sí apá bùláòsì rẹ̀, kò tilẹ̀ bìkítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní fún ọ̀gá wa, "ìbéèrè kẹrin ní kí wọ́n wá nọ́ńbà púráìmù méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ tó bá kọ márùn-ún àti márùn-ún ńkọ́?"

"Mẹ́ta àti méje ni ìdáhùn."

"Mo mọ̀ sà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò lè pín márùn-ún dọ́gba àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Púráìmù ni. Ibo la ti kọ ọ́ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kó jókòó. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Adájọ́. Ní tèmi, ọkàn mi ti lọ.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Rúlà, torí n kì í fọwọ́ lásán fa ìlà. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

"Rúlà, ṣé o wọn ibi tó o jókòó sí yìí ni?"

"Mo wọ̀n ọ́n. Ó ṣì jìn jù."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, a ti ń sọ̀rọ̀ ilé tí a jọ máa gbé.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń tún ìwé tí ènìyàn bá máàkì yẹ̀ wò. Bó bá rí àṣìṣe, kò gbọdọ̀ bá ẹni tó máàkì rẹ̀ sọ ọ́. Ìwé pélébé ni yóò kọ sí ọ̀gá, láìfi orúkọ sí i. Ìdì ìwé Adájọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọ méjìlélógún láti ilé-ìwé kan ṣoṣo ló kọ márùn-ún àti márùn-ún, ó sì fún gbogbo wọn ní máàkì.

Ara fu mí. Mo rí i tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré, tó ń yára fi í sínú báàgì. Tó bá di aago méjìlá, á lọ sídìí fóònù ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí mo bá ti yọ, á rẹ ohùn sílẹ̀. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ilé-ìwé yẹn ṣe fún un? Bó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ń rò ó pé irú ẹ̀rín wo lèyí.

Kí n bi í léèrè ló kù. Ìwé pélébé ni mo kọ sí ọ̀gá, pé ó ń ṣojúsàájú fún ilé-ìwé kan.

Ojú gbogbo wa ni wọ́n ti tú báàgì rẹ̀. Lẹ́tà ló wà níbẹ̀, sí ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé-ìwé mọ́kànlá tí àwọn ọmọ ti dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni náà ló ń fi fóònù wá. Síbẹ̀, wọ́n lé e lọ sílé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé láti ọ̀dọ̀ ẹni náà: òótọ́ ló sọ, kí a fún gbogbo wọn ní máàkì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ ẹ́.

"Gíláàsì ló kọ ìwé pélébé yẹn," Adájọ́ sọ fún mi. Gíláàsì ni olùkọ́ tó jókòó lẹ́yìn wa, tó ti dẹnu kọ Adájọ́ rí, tí Adájọ́ sì kọ̀ fún un. "Gbogbo wọn ni mo fura sí, Rúlà. Ìwọ nìkan ni mi ò fura sí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló lé mi dé òkè òkun. Mo ní màá ránṣẹ́ pè é, n kò ránṣẹ́. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ náà ti ṣaláìsí. Èmi ò fẹ́ ẹnì kankan. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì, àbúrò rẹ̀ fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, láti ìgbà náà la ti ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

"Kí lo ń dúró dè gan-an? Ilé ń bẹ, yàrá ń bẹ. Àbí kí n wá gbé ọ ni?" ó bi mí.

"Arúgbó bíi tèmi?"

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí? Wá jàre, ká fẹ́ra wa kí orúnkún tó kọ̀ fún wa."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn rẹ̀ le. "Gíláàsì ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n wá síbi ìsìnkú, mi ò lọ. Látọjọ́ tí wọ́n ti tú báàgì mi, bí Gíláàsì bá kí mi, mi ò dá a lóhùn títí ó fi kú."

Bí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí n kò bá sọ ọ́, irọ́ ni màá gbé wọ ilé rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ọ́ sórí fóònù tí mo pa á rẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo fi ránṣẹ́:

"Adájọ́ mi, Gíláàsì kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ìwé pélébé yẹn. Mo fura sí ọ, mi ò sì bi ọ́. Bó o bá ṣì fẹ́ mi, dá ọjọ́, màá wá; ká kọ́kọ́ jọ lọ bẹ ìyàwó Gíláàsì, ká tó ṣègbéyàwó. Bó ò bá fẹ́ mi mọ́, màá ṣì wá. Èmi nìkan á lọ bẹ̀ ẹ́."