Bọ́tìnnì Etí Kọ́tìnnì

Kọ́tìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ilé. Eruku ti bo gbogbo ara ilé náà, koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ojú fèrèsé iwájú tuntun gbáà ni. Alágbàtà ilé ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì nínú àpò nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan gíláàsì fèrèsé náà láti inú. Kò rọra kàn án rárá. Mo rí ọwọ́ kan láàárín kọ́tìnnì tó ń fì sókè sódò, bí ìgbà tí wọ́n bá ń lé adìẹ kúrò nídìí ọkà. Eruku ara gíláàsì kò jẹ́ kí n rí ojú ẹni tó ni ọwọ́.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?" mo bi alágbàtà.

"Kò séèyàn kankan níbẹ̀, mà. Ó ti pẹ́ tí onílé ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀."

Mo wo ọkọ mi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Òrùlé ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún.

Kì í ṣe àkókò tó yẹ kéèyàn máa ra ilé. Ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ilé iṣẹ́ rọ́bà tí ọkọ mi ti ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ti ń lé òṣìṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ òun nìkan ti kọ́kọ́ wá wo ilé náà, ó ti san àsansílẹ̀, gbogbo ohun tí a kó jọ látìgbà tí a ti fẹ́ra. Tí a bá ní a ò rà á mọ́, owó náà wọgbó. Tí a bá san ìyókù, tí wọ́n wá lé e lẹ́nu iṣẹ́, ebi ni yóò bá wa gbé ilé tuntun náà.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé lóòótọ́. Ojú ẹsẹ̀ wa nìkan ló wà nínú eruku pálọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ wo ilé ìdáná, mo yọ téèpù jáde, mo wọn fèrèsé, torí kọ́tìnnì ni mo ń rán jẹun. Fèrèsé náà wọ́, apá òsì rẹ̀ fi bí àtàǹpàkò gùn ju ọ̀tún lọ. Kọ́tìnnì náà sì bá wíwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sàmì sí i ò tíì parẹ́. Mo yí ìṣẹ́tí rẹ̀ padà, mo wo okùn ibẹ̀ dáadáa.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ránṣọ. Okùn mi máa ń dà sí ibi tí okùn àwọn aránṣọ yòókù kì í dà sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí ṣe dà. Mo sì ní àṣà kan tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bú mi títí, tí mi ò jáwọ́. Bọ́tìnnì ni mo máa ń rán mọ́ inú igun ìṣẹ́tí kí kọ́tìnnì má baà máa fò, èyí tí mo bá já lára aṣọ tí ẹni tó ni ín ò ní wọ̀ mọ́ láéláé. Mo fọwọ́ tẹ igun náà. Mo fi eyín já okùn, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, etí rẹ̀ kan ti yọ́.

Áyọ́ọ̀nù mi ló yọ́ ọ. Ara ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ mi ló ti wá. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkọ mi wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn rẹ̀, bọ́tìnnì náà wà láyà rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti yọ́.

"Ọlọ́wọ́ òsì," ó ní. Orúkọ tó fi máa ń bá mi ṣeré nìyẹn. "O ti ń wọn fèrèsé kí á tó sanwó tán?"

Mo pa ọwọ́ dé. Nígbà tí mo máa ṣí i lójú ọ̀nà, bọ́tìnnì ò sí níbẹ̀ mọ́, ojú ibi tó ti tẹ̀ mí nìkan ló kù.

Nígbà tó ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bọ́tìnnì tí wọ́n fún gbogbo wa níbi iṣẹ́?"

"Ṣé gbogbo yín náà ni áyọ́ọ̀nù mi yọ́ bọ́tìnnì yín létí?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wo àyà ara rẹ̀. "Tí a ò bá ra ilé yìí, a ò ní lè ra òmíràn mọ́. Ìwọ náà mọ̀."

"Ẹni tí ò ní wọ aṣọ rẹ̀ mọ́ ni mo máa ń já bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀mí yín wà ná. Ọwọ́ tí mo rí yẹn, ó ń lé wa ni."

"Ta ló ń lé wa?"

Mi ò mọ̀. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ti abọ́ iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ó dáa, a ò rà á mọ́. Kò gbà mí gbọ́. Ó kàn fẹ́ràn mi ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n lé ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rọ́bà. Wọn ò lé ọkọ mi. Kódà wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó kù. À bá ti san owó ilé náà tán, ká sì ti máa gbé inú rẹ̀. Iye tí wọ́n wá ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ kúrò ní ohun tí ẹnu wa gbà, lánlọ́ọ̀dù wa sì ń fowó lé owó. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ìjà ì bá dùn mọ́ mi. Kò kàn pè mí ní Ọlọ́wọ́ òsì mọ́ ni, nígbà tó yá kò pè mí ní nǹkan kan. Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àga, ó ká a dáadáa. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀, ó fi èmi náà kún un.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ó ń fẹ́ kọ́tìnnì pálọ̀.

"Ẹ má bínú o, mà, fèrèsé náà wọ́. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ."

"Mo mọ̀," mo ní. Ó rò pé àwàdà ni.

Ǹ bá kọ̀ ọ́, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù ò ní gba ìtàn lọ́wọ́ mi. Mo rán an. Nígbà tó kan igun ìṣẹ́tí, agolo bọ́tìnnì mi kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga ni mo nawọ́ sí. Ṣebí ẹni tó ni ín ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Inú ló ń bí mi, sí ọkọ mi àti sí ara mi. Mo já èyí tí etí rẹ̀ yọ́.

Èmi náà ni mo lọ gbé e kọ́. Àwọn akunlé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, eruku wọn ṣì wà lára gíláàsì. Nọ́ọ̀sì ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná, èmi wà lórí àga, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lẹ́nu géètì. Mo la kọ́tìnnì sí méjì. Alágbàtà ìjọ́sí ló dúró níbẹ̀, ó ń tú àpò rẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Obìnrin kan dúró tì í. Mo mọ báàgì ọwọ́ rẹ̀, mo mọ téèpù tó wà nínú rẹ̀, tèmi ni méjèèjì.

Mo kan gíláàsì. Mo kàn án bí ẹni tí ilé ń jó mọ́. "Ẹ wọlé! Ẹ rà á! Ẹ má dá obìnrin yẹn lóhùn, ẹ rà á!" Ohùn mi ò kọjá gíláàsì. Mo fi ọwọ́ òsì pè wọ́n, ó ń fì sókè sódò, ẹ wá, ẹ wá, ẹ wá. Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó di apá ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ mú.

"Ta lẹ ń pè, mà?" Nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́yìn mi. "Kò séèyàn níta."

"Ọkọ mi ni," mo ní, mo ṣì ń kan gíláàsì. Kò gbójú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Òrùlé ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín.