Epo Ọ̀fẹ́ Ìyáàfin Ìbíjọkẹ́

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Ìbíjọkẹ́ kí ó tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ọmọ Ìtamaga níwèé, ni ọlọ́pàá dè lọ́wọ́ ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan! Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Ojú tì í gidigidi.

"Èmi kọ́!"

"Ẹ̀yin ni, Màmá!" Bísíríyù, apẹja Ejìnrìn, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ra ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fáànù àjà tó ti kán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó gbé fáànù náà dání.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àyàntúndé nawọ́ sí ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. "Ibí ni lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi lù ú ní jìbìtì ti jáde. Ta ló tún mọ pásíwọọ̀dù yín?"

"Pásíwọọ̀dù kẹ̀? Bó ṣe ti inú páálí jáde ni mo ṣe tàn án."

"Háà! Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fólè nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ pásíwọọ̀dù inú páálí."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí iná ìjọba fi lọ. Wọn ò tí ì nu òógùn tán tí Mùsílíù, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, fi sáré gbé kẹ́ẹ̀gì epo dé. Kò tilẹ̀ wo pálọ̀. Ó tan jẹ́nẹ́rétọ̀ Ìbíjọkẹ́, ó padà sí yàrá rẹ̀.

"Ọmọ gidi," ni Ìbíjọkẹ́ wí tẹkúntẹkún. "Láti ìgbà tí mo ti ra ráútà yìí ló ti ń ra epo fún mi. Kì í gba kọ́bọ̀."

"Epo ọ̀fẹ́? Ní Ìkòròdú?" Àyàntúndé dìde. Èèyàn tó ní láti tò títí nílé epo ní Agric kó tó rí epo rà, òun náà ló wá ń fi tọrẹ! Ó yọ wáyà ráútà jẹ́ẹ́. Jẹ́nẹ́rétọ̀ ń ké lọ, gílóòbù ń tàn.

Kò pẹ́ tí Mùsílíù fi ti ilẹ̀kùn wọlé. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ráútà yín ti kú, ẹ bá mi..." Ó rí aṣọ ọlọ́pàá.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó kú?" ni Àyàntúndé bi í.

"Mo... mo lá a lálàá ni, sà."

Ó fò sẹ́yìn, ó di orí fẹ́ǹsì. Ìṣó gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ń jù dìrọ̀dìrọ̀ lókè. Bísíríyù fà á lẹ́sẹ̀ wálẹ̀. "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun!"

"Èmi ni, sà! Ẹ má nà mí! Ráútà Mọ́mì ni mo ń lò, kó má baà kú ni mo ṣe ń ra epo. Mo fẹ́ kó jẹ́ Mọ́mì ni ẹ máa mú."

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní yàrá, lẹ́tà tó ń kọ sí ẹlòmíràn wà lójú rẹ̀: "Ẹ́ńjìnì yín ti wà lọ́nà." Wọ́n bá owó Bísíríyù lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, apẹja náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó ayọ̀.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ìbíjọkẹ́, ó bọ́ sí ti Mùsílíù. Ìyá náà sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó yọjú sí àwọn ará àdúgbò: "Ẹ máa lọ ilé yín! Èmi kọ́ o!"

Àyàntúndé fi bí wọ́n ṣe ń yí pásíwọọ̀dù padà hàn án. Ìyá náà tẹ tuntun tó gùn gbọọrọ, ó fi ìborùn bò ó.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, Màmá, kí n bá yín kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ máa gbé olè yín lọ."