Ẹni Tó Yá A Ní Èémí

Ṣé ẹ ti rí fọ́tò ara yín rí, èyí tí ẹ mọ̀ dájú pé kò sí ẹ̀dá alààyè kankan níwájú yín nígbà tí wọ́n yà á?

Irú rẹ̀ ni Onífọ́tò rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú ọkọ̀ ojú omi, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja ló wá yà lọ́tẹ̀ yìí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ háyà ọkọ̀ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, láti ara rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń bọ́ sómi, àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kámẹ́rà lọ́wọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn a kóra jọ sí pálọ̀ ọkọ̀, wọn a so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kálukú a máa fi tirẹ̀ yangàn.

"Ó kàn ẹ́," ni Tísà wí. Olùkọ́ ni Tísà, òun àti Onífọ́tò ni wọ́n sì jọ ń wọmi, nítorí méjì-méjì ni wọ́n ń lọ. "Àbí ìyàwó ọ̀ṣìngín lo tún bá pàdé nísàlẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ kò tó o. Láti ìgbà tó ti gòkè lómi ní ọ̀sán ni àyà rẹ̀ ti ń fún. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà kì í dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi sí àmù. Iyọ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí tíì kò lè fọ̀ lọ.

Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Edé pupa kan nínú ihò òkúta. Edé yẹn kan náà láti apá òsì. Edé náà láti òkè. Lẹ́yìn náà ni ojú Onífọ́tò fúnra rẹ̀ bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó là rangandan nínú gíláàsì ìwọmi. Ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, ó di okùn èjìká òmùwẹ̀ kan mú gírígírí. Ẹni tó ni okùn náà ni kò sí nínú fọ́tò, nítorí òun ló di kámẹ́rà mú.

Tísà dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ló yà ẹ́?" Ohùn Tísà ti rẹlẹ̀. "Èmi kọ́ o. Etí ń dùn mí, mo ti gòkè. Mo ṣe àmì fún ẹ, o sì mi orí."

Kò rántí àmì kankan. Edé ló ń wò. Àrùn àwọn tó ń yàwòrán lábẹ́ omi nìyẹn: ojú tó bá ti wọnú ihò òkúta kì í wo aago afẹ́fẹ́ mọ́. Ìgbà tó fa afẹ́fẹ́ tí nǹkan kan ò wá ló tó mọ̀ pé àgbá òun ti gbẹ. Ọwọ́ kan wá láti ẹ̀yìn, ó ti rọ́bà èémí mìíràn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó mí. Ó rò pé Tísà ni. Ẹni náà di kámẹ́rà tó fi kọ́rùn mú, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé okùn èjìká ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo wọn: ẹni méjì tó bá ń mí látinú àgbá kan gbọ́dọ̀ di ara wọn mú, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ẹnìkejì títí orí àwọn méjèèjì yóò fi yọ lókè. Ẹni náà dúró, ó ń retí èsì. Onífọ́tò mi orí fún un.

Wọ́n gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ ló ṣàkíyèsí i. Ìfóòfó ń ti ẹnu tòun jáde, ó ń gòkè bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ti ẹnìkejì ò sí. Kò sí ẹyọ kan. Ó jọ̀wọ́ okùn náà, ó sì sá lọ bá oòrùn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ife bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn lẹ́yìn wọn. Màmá Alásè, ìyá àgbà tó ń dáná nínú ọkọ̀, ló gbé tíì wá, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ má yí i kúrò."

Ó rìn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka kan ibi tí wọ́n ti fi òwú pupa rán okùn náà.

"Èmi ni mo rán an," ó ní. "Mo ní kó ra òmíràn, ó ní, 'Màmá, ẹ sáà bá mi kàn án.' Òwú pupa ló kù nílé."

Ọ̀gá ọkọ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Òun ló sọ ìyókù, nítorí Màmá kò lè sọ ọ́. Ọmọ Màmá ló ń tọ́ àwọn àlejò sọ́nà lábẹ́ omi tẹ́lẹ̀. Ó fún àlejò kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ní tirẹ̀; ìpayà mú àlejò náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gba rọ́bà lọ. Àlejò yè. Wọ́n wá ọmọ náà tì. Màmá bá ní kí wọ́n gba òun síṣẹ́ ìdáná, pé òun ò lè fi í sílẹ̀ kí òun lọ sùn nílé.

Ní òwúrọ̀, Onífọ́tò ò lè parí gbólóhùn kan kó má sinmi. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ọsibítù yá. Ó ta ẹ́ńjìnnì jí. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún, bẹ́ẹ̀ ni èémí Onífọ́tò ń gé, bí ìgbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn láyà tí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú nísàlẹ̀. Ètè rẹ̀ dúdú. Tísà kígbe pé kí wọ́n dúró. Bí ọkọ̀ ṣe padà síbi tó wà, èémí yọ́ wọlé.

Màmá jókòó tì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọkọ̀ ni ìyá yìí ti ń pè é ní ẹ̀yin.

"Ọmọ mi, ṣé o ṣèlérí fún un?"

"Mo mi orí, Màmá."

"Kí ló tún kù? Ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi ṣèlérí lábẹ́ omi?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù á bà ẹ́. Àbí o rò pé kò ba òun náà?"

Onífọ́tò wo omi. Ó mọ̀ pé bí òun bá kúrò níbẹ̀ báyìí, òkú òun ni wọ́n máa gbé délé. Ó ní kí wọ́n gbé àgbá òun wá.

"Etí mi ò ní gbà," ni Tísà wí, ojú tì í.

"Ẹnikẹ́ni kì í dá wọmi nínú ọkọ̀ mi," ni ọ̀gá ọkọ̀ wí.

"Kò ní dá wà," ni Màmá fèsì.

Ọ̀gá ọkọ̀ yà lọ́nà fún Onífọ́tò. Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ọlọ́run tó ni òkun, tìrẹ ni àwọn méjèèjì," ó sì jẹ́ kó lọ.

Kò mú kámẹ́rà. Edé pupa ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Onífọ́tò di ojú, ó na ọwọ́, ó ń dúró. Omi tutù lójijì. Okùn kan wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan òwú tí wọ́n fi ọwọ́ rán. Ó mi orí. Kò la ojú.

Wọ́n gòkè. Ẹrù náà wúwo, ó ju ènìyàn kan lọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ìbẹ̀rù ní kó jọ̀wọ́, ìka rẹ̀ méjì tilẹ̀ tú. Ó kó wọn padà, ó dì í mú le.

Ọ̀gá ọkọ̀ ní orí méjì lòun rí. Tísà ní ẹyọ kan ni. Màmá ò sọ iye tó rí. Ó kúnlẹ̀ létí ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sójú omi, ó ń pe orúkọ kan jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń jí ọmọ tó sùn pẹ́. Èémí Onífọ́tò wọlé, ó kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó jọ̀wọ́ okùn náà, lẹ́yìn tí orí àwọn méjèèjì ti yọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.