Tíṣà Tó Ti Màdágásíkà Dé

Ọ̀sán gangan ni Adéfẹ́mi ti Màdágásíkà dé. Kò gbé báàgì kankan lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rin. Àpọ́nlé ìyá rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé wọn ní Ṣàngó-Ọ̀tà nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ tó bí. Igbe ayọ̀ tó ké bo ariwo iléeṣẹ́ irin tó wà lẹ́yìn ògiri wọn mọ́lẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ara ọmọ náà sì tutù bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Àpọ́nlé ní ẹ̀rọ amúlétutù inú bàálù ni.

"Kí ló dé tí o ò pè mí? Ta ló lọ pàdé ẹ ní pápákọ̀?"

Adéfẹ́mi wo ọ̀nà ìta, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn ará ìjọ pé mo ti dé."

Àpọ́nlé gbà pé òun mọ ohun tó ń lé ọmọ òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ìjọ yẹn ń bí èèyàn nínú. Àwọn ló rán ọmọkùnrin náà lọ ṣe tíṣà míṣọ́nnárì ní abúlé apẹja kan létí òkun, kó máa kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìwé àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tó ń lọ, gbogbo wọn nawọ́ sí i, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jó. Wọ́n ní ọdún méjì ni. Ọdún méjì pé, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Adéfẹ́mi fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí Wásáàpù: "Màmá, òjò ibí yìí kì í ṣe òjò lásán. Omi òkun ti ń wọ kíláàsì wa. Ẹ bá mi bẹ Pásítọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n máa bọ̀ nílé." Àpọ́nlé lọ. Àgbàlagbà obìnrin kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ Ọláwuyì, ẹni tó lè bí lọ́mọ. Kí lọkùnrin náà sọ? "Màmá, ọmọ ogun Kristi kì í sá lójú ogun." Ó jókòó sábẹ́ fáànù sọ ọ́! Òun fúnra rẹ̀, ibi tó jìnnà jù tó tíì lọ wàásù ni Àtàn-Ọ̀tà, mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló sì gbé e lọ.

Láti ìgbà náà ni fóònù Adéfẹ́mi kò ti lọ mọ́. "Nẹ́tíwọ̀kì ni, Màmá," ni gbogbo ará ìjọ ń wí, tí wọ́n á sì yára kọjá. Ìdí nìyẹn tí Àpọ́nlé fi gbà pé ńṣe lọmọ òun sá fún wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn ìta, ó sì ń dáná fún ọmọ rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan kò kàn ṣe déédéé ni. Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò yẹn mọ̀ pé eruku irin kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́. Bó o gbálẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, eruku dúdú á ti bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ pàápàá á hàn nínú rẹ̀. Adéfẹ́mi á rìn kọjá níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í hàn. Ẹní tó ń sùn lé kì í gbẹ. Àpọ́nlé sá a sóòrùn títí, ó fọwọ́ kàn án, ó fi ìka náà kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Hajarat, ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí yàrá iwájú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Adéfẹ́mi, wá bá a ní jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ má bínú o. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn lẹ́sìnnì bùrọ̀dá gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí bùrọ̀dá bá di ọwọ́ àwọn mú láti kọ́ àwọn ní lẹ́tà kíkọ, ńṣe ni ìwé máa ń rin."

"Òógùn ni!" Àpọ́nlé dá a lóhùn kíkankíkan. "Ṣé ooru ò mú ìwọ náà ni?"

Hajarat tọrọ gáfárà, ó wọlé. Àpọ́nlé náà kò wádìí síwájú sí i. Ọmọ rẹ̀ wà nílé, ìyẹn tó o.

Ohun tí kò lè gbé mì ni ìwọ̀sí tí ìjọ fi lọ̀ ọ́. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, ó wọ aṣọ, ó gba ìjọ lọ. Ó rí i pé àwọn obìnrin ń dì mọ́ òun pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ọkùnrin ò sì fẹ́ wo ojú òun. Ó ní ìtìjú ló ń ṣe wọ́n, wọn ò tíì rí nǹkan kan. Bí wọ́n ti pe ẹlẹ́rìí, ó dìde, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ yin Olúwa! Ọmọ tí ẹ rán lọ sínú omi, tí ẹ ò jẹ́ kó padà, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé. Adéfẹ́mi wà nílé mi. Pásítọ̀ Ọláwuyì, ojú tì yín!"

Obìnrin kan nínú akọrin bú sẹ́kún. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fà á lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, ta lẹ ní ó dé?"

"Àbí ẹ dití ni? Adéfẹ́mi!"

Pásítọ̀ kúnlẹ̀. "Màmá, ìjì gbé ilé ìwé náà lọ. Adéfẹ́mi ti kó àwọn ọmọ jáde, ó tún padà lọ mú ọ̀kan tó kù. Ibẹ̀ lomi ti pa á, etíkun náà ni wọ́n sin ín sí. A ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Adó-Odò, wọ́n ní a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá, ká dúró de àwọn. Àwa náà wá ní kí ìdúpẹ́ kọjá ná."

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀, Màmá."

Ìgbà yẹn ló yé Àpọ́nlé. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé lè lọ máa gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án, ńṣe ló máa pòórá. Gbogbo èèyàn tó mọ ọmọ rẹ̀ ló ti gbọ́. Òun nìkan ni wọn ò sọ fún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ náà sì wá. Ìbínú rẹ̀ ló wá gbé òun náà lọ síbi tó ti gbọ́ ọ.

Kò sunkún. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó ń sáré lọ sílé. Ó gbá ìlẹ̀kùn ìta mú, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún tó ń kọ́ àwọn ọmọ Hajarat lórúkọ ẹranko, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọlé. Òun náà ti mọ̀.

Mọ́tò Pásítọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ tòun ti ìgò òróró. "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé gbàdúrà. Kì í ṣe ọmọ yín nìyẹn."

Àpọ́nlé mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀. "Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sún mọ́ ìlẹ̀kùn yìí kí ẹ wò ó!"

Ẹ̀kọ́ dáwọ́ dúró nínú ilé.

"Màmá, ta lẹ ń bá jà?"

Pásítọ̀ mọ ohùn náà. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún un. Ìgò òróró bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn oníwàásù kiri ni," ni Àpọ́nlé fèsì.

Ohùn náà sún mọ́ ìlẹ̀kùn. "Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún yín ni?"

Àpọ́nlé tẹjú mọ́ Pásítọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fi ojú jó o.

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi? Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Ó dáa, Màmá. Ẹ wọlé wá jẹun."

"Máa jẹ tìẹ. Mo ń bọ̀."

Ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lé itan. Omi ń ti abẹ́ ìlẹ̀kùn yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń rin ìró rẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn. Kò jẹ́ kí Pásítọ̀ wọlé. Òun náà kò sì wọlé.